Òróró Míńtì àti Imú Màámi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀, mi ò sì ní bá yín jà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbà gbọ́, kó fa àga súnmọ́ ibí. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà máa kà á lọ bí ẹni ń gbọ́ irọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà, nínú àfonífojì láàárín òkè méjì, tó jẹ́ pé bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn á máa jó èèyàn ní àtàrí, otútù á sì máa mú un nínú ihò imú, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí òjò, láìsí fáànù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ibẹ̀.

Ewé ló ń fa otútù náà. Pẹpamíńtì ni wọ́n ń pè é, ẹ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ẹ bá fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu láàárọ̀ yìí, bí ẹ bá lá súìtì nítorí pé ẹ fẹ́ lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ jẹ àlùbọ́sà, bí ẹ bá fi ìpara pa iwájú orí lánàá nítorí ẹ̀fọ́rí, ó ṣeé ṣe kí n ti fọwọ́ kan ewé tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò burú.

Kí n tó lọ, tíṣà kẹ́mísìrì ni mí ní ilé-ìwé gírámà kan ní Surulere. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní dìsìtìléṣàn, ìyẹn ni pé kí a se nǹkan títí yóò fi di èéfín, kí a fi omi tútù pa èéfín náà kó tún di olómi, kí a sì gbé ohun tí a ń wá nínú rẹ̀. Ilé-ìwé wa kò ní ìgò rẹ̀, kò ní páìpù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì la ní. Mo máa ń yà á sára bọ́ọ̀dù: ìkòkò nìyí, iná nìyí, páìpù nìyí. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á sì páàsì. Ọmọbìnrin kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Sà, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti rí i rí?" Mo ní kó dìde dúró títí aago á fi lù. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà dára, èsì ni kò sí lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo yín lẹ ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti sọ ọ́ títí ó fi sú yín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko.

Àárín ìkórè ni mo dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rámírọ̀ ni wọ́n ní kó mú mi mọ iṣẹ́. Ará Mẹ́síkò ni, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pè é lórúkọ? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀." Ó bi mí pé kí ni Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣàlàyé fún un, ní gẹ̀ẹ́sì tí èmi àti òun jọ ń bà jẹ́, pé ẹni tó jù mí lọ ni, tí mi ò gbọdọ̀ pè lórúkọ, tí mo sì gbọ́dọ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Apá ibi tí o ti ń gba ẹrù yẹn," ó ní, "ó wù mí." Ó sì gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo oko ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, títí kan olóko tó dàgbà tó bàbá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mú mi lọ sí abẹ́ páànù ńlá kan. Wọ́n ti gé míńtì náà nílẹ̀ bí ẹni gé koríko, wọ́n ti fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á díẹ̀ kó rọ. Ẹ̀rọ wá kó o, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú àpótí irin kan tó ní táyà lábẹ́, tó tóbi ju yàrá tí wọ́n bí mi sí ní Mushin lọ. Wọ́n wọ́ àpótí náà wá, wọ́n dé e pa, wọ́n ti páìpù bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tú èéfín omi gbígbóná sí i láti inú ìkòkò tó ń hó yaya. Èéfín náà ń gun inú ewé lọ, ó ń bẹ́ òróró tó fara pamọ́ sára ewé, ó ń gbé e jáde láti orí. Ó wọ páìpù mìíràn tí wọ́n rì sínú omi tútù. Ní ìdí páìpù náà, agolo gíga kan wà. Nǹkan ń kán sínú rẹ̀: omi nísàlẹ̀, òróró lókè, bí epo ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀ ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ sè.

Mo dúró. Bọ́ọ̀dù mi nìyí. Ìkòkò nìyí, iná nìyí, páìpù nìyí.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Rámírọ̀ bi mí. "Ṣé ó ta sí ọ lójú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ya nǹkan yìí tó ìgbà ẹgbẹ̀rún."

"O wá mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn."

"Rárá. Mo mọ̀ ọ́n yà."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ó dáa," ó ní. "Ewé tí wọ́n ti sè tán ń bẹ nínú àpótí tọ̀hún. A ó dà á padà sóko, kó sọ ilẹ̀ jí. Má yà á. Kó o."

Mo kó o. Ara mi sì gbọ́ ọ. Níwọ̀n aago mẹ́rin ni mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, èmi tí mo ti ń fọwọ́ kan òróró láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbé yìnyín sí ọ nínú ẹyinjú, tó tún wá fi ata rodo lé e. Mo ń sáré yí àpótí ká, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run ní èdè mẹ́ta. Wọ́n fi wàrà nù mí lójú. Nígbà tí mo ríran padà, gbogbo òṣìṣẹ́ ló dúró yí mi ká, ẹ̀rín ti sọ wọ́n di ọmọdé. Bí wọ́n ṣe fi mí joyè òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Òórùn náà kì í lọ. Ó wà nínú ìrọ̀rí, ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo lọ gẹrun nílùú, onígbàjámọ̀ náà kò bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, ó ṣáà ṣí fèrèsé. Eku kò wọ ilé tí èmi àti Rámírọ̀ ń gbé, nítorí pé eku kì í fẹ́ràn òórùn náà. Ẹfọn pàápàá ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni lágbègbè náà tó mọ òórùn mìíràn tí mo ní tẹ́lẹ̀. Èmi ọmọ alálọ́fíńdà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀.

Ìyá mi ń ta lọ́fíńdà olóròóró ní Mushin, kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Màámi, ìsọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí lọ, ṣùgbọ́n ìgò pẹ́pẹ̀pẹ́ tó wà lórí pákó rẹ̀ kò lóǹkà. Míìsìkì, sáńdà, róòsì, èyí tí wọ́n ń fi lọ Jímọ̀, èyí tí wọ́n ń fi lọ wo ìyàwó ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Alálọ́fíńdà á ti igi gíláàsì bọ ìgò, á kọ́kọ́ fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á mi orí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ oníbàárà. Mímì orí yẹn ni ìbúra. Ó ń sọ pé, mo ti gbọ́ ọ, kò bà jẹ́, ohun tí o béèrè ni. Màámi kì í bá yín sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí ló ń mì.

Lọ́jọ́ Sunday ni mo máa ń pè é. Ní ìpè àkọ́kọ́, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo rí.

"Màámi, a ń se ewé."

Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ.

"Ewé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. A ń sè é, òróró á jáde níbẹ̀."

"Ìwọ tí mo rán lọ sí yunifásítì. O fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Surulere, o wọ ọkọ̀ òfuurufú, o wá lọ ń se àgbo fún òyìnbó."

"Kì í ṣe àgbo, Màámi."

"Kí ló wà nínú àgbo tí kò sí nínú èyí? Ṣé ewé kọ́ ni? Ṣé iná kọ́ ni? Ṣé wọn kì í fi wo inú rírun?"

Mo ní wọ́n ń fi wo inú rírun nígbà mìíràn, wọ́n sì ń po ewé rẹ̀ mu bíi tíì.

"Àgbo ni," ni Màámi sọ, ó sì parí ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni Rìsì, àbúrò mi obìnrin tó ń bá a jókòó nísọ̀, wá fi tó mi létí pé Màámi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun wà níléeṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà. Mo bi Màámi nípa rẹ̀. Ó ní òun kò parọ́. Ó ní, "Ṣé omi lẹ ń pọn níbẹ̀ ni?"

Ìgbà òtútù ni kò dára. Yìnyín á bo oko, iṣẹ́ á dínkù, Rámírọ̀ á lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ fún oṣù méjì, á wá ku èmi àti fìríìjì. Mo máa ń bá fìríìjì náà sọ̀rọ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ rírì ìyẹn. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, èèyàn á gbọ́ pé ẹnì kan ń kí òun ẹ kú iṣẹ́ lẹ́yìn ilé, á yọjú, á bá yìnyín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n abẹ́ yìnyín náà, míńtì ń bẹ láàyè. Olóko wa, Baba Wéìnì, ló kọ́ mi nípa rẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, oríṣi míńtì méjì kan pàdé létí omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan tó fẹ́ràn irà, èkejì tó ń hù lọ́gbà, wọ́n sì bí èyí. Bí ìbaaka ni, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́: ó lágbára ju ìyá lọ, ó lágbára ju bàbá lọ, àmọ́ kì í bímọ. Irúgbìn rẹ̀ kò ṣeé gbìn. Bí ẹ bá fẹ́ kó pọ̀, ẹ ó gé gbòǹgbò rẹ̀ tó ń rá kiri lábẹ́ ilẹ̀, ẹ ó gbé e lọ síbòmíràn, ẹ ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò náà ni wọ́n gbé sọdá òkun. Nínú gbogbo oko yẹn, kò sí ẹyọ míńtì kan tó hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n gé níbì kan.

Ó tún ní bí ẹ bá gé gbòǹgbò kan ṣoṣo sí méjì, kí ẹ gbin ọ̀kan sí àfonífojì yìí, kí ẹ gbin èkejì sí ẹ̀yìn òkè, òróró wọn kò ní rí bákan náà. Àwọn tó ń rà á á fi imú mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ti bá a sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Mo wá ń rò ó nínú ilé fìríìjì yẹn. Èmi tí wọ́n gé ní Mushin, òórùn wo ni mò ń mú jáde báyìí? Bí mo bá padà délé, ṣé Màámi á mọ̀ mí?

Kí ẹ má bàa rò pé ẹkún ni gbogbo rẹ̀, mo jẹ ayé díẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìkórè kẹta, Baba Wéìnì gbà mí láyè láti máa sọ ìgbà tí àpótí kan bá pé. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí ẹ bá tètè pa èéfín, òróró á kù sínú ewé. Bí ẹ bá pẹ́, iná lẹ ń jó lásán. Mo máa ń wo bó ṣe ń kán sínú agolo, mo ń wo bí òróró ojú rẹ̀ ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i, n ó wá gbé ọwọ́ sókè: ó tó. Wọ́n á sì pa á. Tíṣà tó ya àwòrán ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́wọ́ sókè tí wọ́n pa á, mi ò jẹun alẹ́, inú mi ti yó.

Ọdún kẹfà ni Màámi fúnra rẹ̀ pè mí, ní Wednesday. Màámi kì í pe èèyàn ní Wednesday.

"Ṣé o dá wà?"

Mo ní mo dá wà.

"Imú mi ti kú."

Ó ní láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn àti ibà dá òun dùbúlẹ̀ ṣáájú ààwẹ̀ ni. Ara yá, imú kò bá ara padà. Kò gbóòórùn ọṣẹ, kò gbóòórùn irú. Ó ti rí dókítà. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà.

"Ẹ wá ń tà báwo, Màámi?"

"Mo mọ ibi tí ìgò kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Mo ń fi ojú tà á."

"Mímì orí ńkọ́?"

"Mo ń mì ín," ó ní.

Ohùn tó fi sọ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Rìsì nu pákó lọ́jọ́ kan, ó da ìgò rú. Màámi ki ọwọ́ sí ibi tí sáńdà máa ń wà, ó mi orí, ó fi pa Alhájì kan tó ń ta táyà, ó sì di ìgò kan fún un. Àṣé èyí tí àwọn ìyàwó tuntun ń lò ni. Alhájì wọlé, ìyàwó rẹ̀ gbóòórùn obìnrin lára ọkọ rẹ̀, ilé dàrú. Ìyàwó náà gbé ìgò náà wá sí ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Màámi ní ojú òun ni, pé òun gbàgbé awò sílé.

"Mo bú awò mi," ni Màámi sọ. "Awò tí kò ṣẹ̀ mí. Ọdún ìsọ̀ náà á pé ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Màá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Má sọ fún Rìsì."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún èmi?"

"Ìwọ lo jìnnà jù. Àṣírí tí mo bá sọ fún ọ, á ti rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà kó tó padà dé Mushin."

Bí mo ṣe ṣèlérí nìyẹn. Tíṣà kẹ́mísìrì, ẹni tó yẹ kó mọ̀ dáadáa. Mo ní, "Màámi, ẹ má dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ibi tí òórùn ti ń wá ni mo wà. Mo ní òróró kan tó lè jí òkú imú. Màá fi ránṣẹ́." Màámi ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe gbé fóònù kalẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò mọ ohunkóhun tó lè jí imú, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ọmọ tó fẹ́ tu ìyá rẹ̀ nínú ló sáré.

Ìkórè ti parí nígbà náà, Baba Wéìnì sì ti fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò òróró kékeré kan. Ìgò tèmi ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn mú èmi náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, imú mi dí pa bí ilé onígbèsè. Mo sì ṣe ohun tí ọmọ Mushin nìkan lè ṣe.

Ẹ mọ̀ wá nílé. Ta ni nínú wa tí kì í da ìdérí òògùn apakòkòrò kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀, kí ara lè mọ́ dénú ẹ̀jẹ̀? Ọdún mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ṣì ń fi wẹ̀, mi ò fọkàn tán omi tó ń ti òkè wá. Mo pọn omi gbígbóná, mo ro ọ̀fìnkìn mi, mo ṣí ìgò, mo wọn ìdérí kan, mo dà á sí i. Ó ku díẹ̀ kó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi ìdajì lé e. Mo bu àkọ́kọ́ dà sórí.

Omi náà gbóná. Mo rí èéfín tó ń jáde lára mi. Ṣùgbọ́n otútù tó mú mi, yìnyín ìta kò tó o. Ó mú mi ní àtàrí, ó mú mi ní ẹ̀yìn, ó mú mi ní àwọn ibi tí a kì í dárúkọ nínú ìwé. Eyín mi ń lu ara wọn. Mo fi ọṣẹ sí i, ó burú sí i. Mo jáde, mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta, mo dùbúlẹ̀. Rámírọ̀ wọlé, ó kó búláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà bò mí, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìdérí mélòó lo dà sí i?"

Mo sọ fún un.

Ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Ẹ̀kán kan," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ̀kán kan ṣoṣo, Ẹ̀gbọ́n kékeré. O ti wẹ oko kan tán."

"Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo dìde jókòó. Mi ò gbóòórùn rẹ̀. Imú mi dí, òórùn míńtì kankan kò wọlé, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nínú imú náà gan-an, ó tutù bí irin. Mo sáré lọ bá Baba Wéìnì láàárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ní òórùn ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú imú, otútù ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, èkejì lè ṣí sílẹ̀.

Mo ní mò ń lọ sílé. Kò bi mí pé ìgbà wo ni n ó padà. Nígbà tí mò ń di ẹrù, Rámírọ̀ ki ìgò òróró tirẹ̀ bọ̀ mí lápò. Ó ní, "Fún ìyá rẹ. Má fi wẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Mushin, kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Màámi ti kéré. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde kó rí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, ó wá fi imú kan iwájú orí mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì mọ̀ pé kò rí i.

Mo gbé omi gbígbóná kalẹ̀ nínú abọ́. Mo ní, "Màámi, mo parọ́ fún yín lórí fóònù. Kì í jí imú."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo bí ọ."

Mo kán ẹ̀kán kan sí i. Ẹ̀kán kan. Ó tẹ orí ba omi náà, mo fi ìborùn rẹ̀ bò ó. Mo gbọ́ tó mí sínú, tó tún mí sínú. Mo ń ka èémí rẹ̀ bí ẹni ń wo agolo.

"Mi ò gbóòórùn kankan," ni ohùn rẹ̀ sọ lábẹ́ aṣọ.

Mo di etí aṣọ náà mú, mo fẹ́ ká a kúrò.

"Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ṣí fèrèsé."

Kò gbé orí kúrò níbẹ̀ títí omi náà fi tutù. Nígbà tó ká aṣọ kúrò, ojú rẹ̀ tutù, mi ò sì bi í bóyá omi ni tàbí kí ni. Ó ní láti ìgbà ààwẹ̀, òun rò pé wọ́n ti fi bíríkì dí gbogbo ilé náà ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà méjì tó wà nínú imú fún un, ó ní kí n fi kẹ́mísìrì sílẹ̀ ná.

Rìsì ti ìsọ̀ dé ní àkókò yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló ń jẹ súìtì?"

Màámi kọjú sí i. "Rìsì, jókòó. Mi ò gbóòórùn mọ́. Ó ti pẹ́."

"Mo mọ̀, Màámi."

"O mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ̀wà jóná tí ẹ jókòó tì í, tí ẹ ń bi mí pé ṣé ó ti jinná." Rìsì bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màámi. "Ta lẹ rò pé ó ń dá ìgò padà sí ààyè wọn láràárọ̀? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo gbàgbé, ẹ sì rí ohun tí ìyàwó Alhájì fojú wa rí."

"O ń wò mí tí mò ń mi orí."

"Mò ń wò yín."

"O ò sì sọ nǹkan."

"Ẹ̀yin náà ò sọ."

Màámi fi ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n pe ìrun, wọ́n ṣe àlùwàlá, mo sì rí i pé Màámi fa omi sí imú, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ìsọ̀. Màámi ṣí i fúnra rẹ̀, ó jókòó, mo bá a gbé bẹ́ǹṣì síta, mo sì jókòó lé e bí ẹni tó gba ìlú. Oníbàárà àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Yábàá. Ó ní òun fẹ́ èyí tí kò pariwo jù. Màámi mú ìgò kan, ó ti igi gíláàsì bọ̀ ọ́, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀.

Kò mi orí. Ó na ọwọ́ náà sí abẹ́ imú Rìsì.

"Mi ò gbóòórùn mọ́, ọmọ mi," ó sọ fún oníbàárà náà. "Ọmọ mi yìí ló ń gbọ́ ọ fún mi."

Rìsì gbọ́ ọ. Rìsì mi orí. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ tirẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yára, òun ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀run kò já.

Nígbà tó lọ tán, Màámi pe onílé lórí fóònù, ó ní kó má mú ẹnikẹ́ni wá wo ìsọ̀ òun. Ó wá kọjú sí mi. Mo ti ń tún ẹnu ṣe fún ọpẹ́ tó ń bọ̀.

"Ìwọ," ó ní, "kí lo jókòó sí ibi tí oníbàárà ń jókòó fún? Gba bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Lọ pọnmi wá, ká fọ ojú ìsọ̀. Má sì dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà."

Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Mo ká sòkòtò mi sókè, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì sáré.